Fèrèsé Tí Mo Gbé Ga Jù

Èmi fúnra mi ni mo sọ pé kí wẹ́dà gbé fèrèsé náà sókè. Ẹnikẹ́ni kò tì mí sí i. Ọkùnrin náà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Shango ní Minna, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára mọ́tò, ó ní, "Madam, ibí yìí ti tó." Mo ní kò tó. Ó tún fa òmíràn. Mo ní kó ṣì máa gbé e lọ sókè. Mọ́tò búrẹ́dì ni tẹ́lẹ̀, irú èyí tí ìdí rẹ̀ ga nílẹ̀ dáadáa, tí inú rẹ̀ sì gbòòrò. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bí mo bá dúró nínú rẹ̀ tí mo ń dín dùǹdú, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun pápá yóò máa rí mi. Mo fẹ́ kí eruku ọyẹ́ má ráyè dé inú ata mi. Kí n má sì purọ́, mo fẹ́ kí gbogbo Minna gbójú sókè kí wọ́n tó rí ojú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sórí àpótí kúkúrú nídìí ààrò, tí èéfín ń wọ̀ mí lójú, tí àwọn oníbàárà ń fi ẹsẹ̀ da eruku sí mi lára. Nígbà tí Ọlọ́run wá fún mi ní mọ́tò, ṣé n kò ní nàró ni?

Màmá mi wá wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n kùn ún tán. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá ti wá fẹ́ bàbá mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ rélùwéè nígbà náà, wọn kò sì kúrò ní Minna mọ́ láti ìgbà yẹn. Wọ́n kí wẹ́dà ní Hausa, wọ́n yí mọ́tò náà po, wọ́n fọwọ́ kan ọ̀dà rẹ̀, wọ́n yin gáàsì, wọ́n yin sínkì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró sábẹ́ fèrèsé, wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Ó dára," wọ́n ní. "Àmọ́, níbo lo ti máa kúnlẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, èrò ni mo fẹ́ máa tà fún, kì í ṣe àna mi."

"Ó dáa," Màmá dáhùn. Ẹni tó bá mọ màmá mi yóò mọ̀ pé bí wọ́n bá ti sọ "ó dáa" tí wọn kò sọ nǹkan mìíràn tẹ̀ lé e, kò dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tuntun ń rùn sí mi nímú, etí mi ti di.

Dùǹdú ni mo ń tà, pẹ̀lú ata díndín àti ẹja odò. Iṣu ilẹ̀ wa níbí, kí ẹni tó wá láti ibòmíràn má bínú, kò lẹ́gbẹ́. Àwọn obìnrin Gbagyi ló ń gbé e wá láti ọ̀nà Maikunkele láàárọ̀, lórí èjìká, nítorí wọn kì í ru ẹrù lé orí. Mo máa ń gé e gbọọrọ kí èèyàn lè fọwọ́ kan mú un jẹ, kó sì fi ọwọ́ kejì jó. Mo ń fi omi iyọ̀ bọ̀ ọ́ díẹ̀, mo ń jẹ́ kó gbẹ, kí n tó jù ú sínú òróró gbígbóná. Ata mi kì í dá ẹnikẹ́ni sí. Bí o bá jẹ ẹ́ tí imú rẹ kò ṣomi, àìsàn ń ṣe ọ́ nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ ni mo kọ́kọ́ ń tà fún, níbi eré orin tí wọ́n máa ń ṣe ní pápá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ́ràn mi. "Mama Doya" ni wọ́n sọ mí, torí pé doya ni Hausa ń pe iṣu. Wọ́n á na ọwọ́ sókè gba àwo, wọ́n á sáré padà sídìí sípíkà. Ọmọ tó ti ń fò sókè láti àárọ̀ nítorí orin, kí ló kàn án bí fèrèsé bá ga? Mo dúró síbẹ̀ bí olóyè. Orí mi wú, mo sì gbádùn wíwú rẹ̀.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé eré àwọn ọ̀dọ́ kò pọ̀. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, mọ́tò mi á wà níwájú ilé wa ní Tunga Low Cost, alángbá á máa yá oòrùn lórí rẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Maikunkele, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó kàn ń wo mọ́tò náà bó bá ń jáde láàárọ̀, ó sì tún ń wò ó bó bá ń wọlé. Ọ̀gá oníbúrẹ́dì kan ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí a ta mọ́tò náà fún òun. Lọ́jọ́ kan ni a jókòó sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin ní pápá ńlá kan nígboro, ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Mọ́tò oúnjẹ tàbí ìsọ̀ kan ṣoṣo ni wọn yóò fún láàyè lábẹ́ igi dógóyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, àwọn oníṣòwò tó kù á lọ wá ibi jìnnà. Mo ṣèlérí fún ọkọ mi. Bí mo bá rí ààyè yẹn gbà, mọ́tò ń bẹ. Bí n kò bá rí i gbà, kí oníbúrẹ́dì wá gbé e. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà, torí ọkàn mi sọ fún mi pé kò sí ẹni tó lè gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.

Hájíà kan, obìnrin Núpé tó ti dàgbà díẹ̀, ni alága ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n pe èmi àti obìnrin tó ń ta wáínà, àkàrà ìrẹsì tí àwọn Hausa ń yan, nítorí àwa méjèèjì ló kù tí à ń du igi dógóyárò. Hájíà ní ọ̀sán jẹ́ ti àwọn àgbà: àwọn onígòjé, àti àwọn onígìtá àtijọ́. Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti ọ̀dọ́. "Bí àwọn àgbà kò bá jẹun, wọ́n á dìde lọ sílé," Hájíà wí, "wọ́n á sì kó àwọn ọmọ-ọmọ wọn lọ. Ẹni tí àwọn àgbà bá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín Jímọ̀ àti Sátidé, òun ló ni abẹ́ igi." Mo wo obìnrin oníwáínà náà. Agboòrùn kan, ààrò eléèédú, àpótí ìjókòó kékeré. Mo káàánú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bàbá kan ló ṣíwájú wọn. Yorùbá Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, bí wọ́n bá sì jókòó síbì kan, ibẹ̀ ni gbogbo àwọn ojúgbà wọn máa ń jókòó sí. Mo rí Bàbá bí wọ́n ṣe ń bọ̀, inú mi dùn. Mo ti bu dùǹdú tó pọ́n jù sílẹ̀ dè wọ́n. Bàbá dé abẹ́ fèrèsé, wọ́n gbójú sókè.

Orúnkún mi kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé, bí àgbà bá yọ sí i, ó ti kúnlẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sínú mọ́tò, mo ní, "Ẹ káàsán sà. Ẹ kú ìrìn sà." Pẹpẹ tí mo fi ń gbé oúnjẹ bò mí mọ́lẹ̀ pátápátá. Páànù nìkan ni mo ń wò.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Bàbá béèrè.

"Èmi ni sà. Mo kúnlẹ̀ ni."

"Níbo?"

"Nínú mọ́tò níbí, sà."

"Èmi ò rí ẹnì kankan o," Bàbá sọ fún ọ̀rẹ́ wọn tó dúró tì wọ́n. Ọ̀rẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín.

Ìtìjú mú mi, mo fò dìde, mo gbé àwo, mo na ọwọ́ jáde láti fún wọn. Àwo náà gba orí fìlà Bàbá kọjá, òróró díẹ̀ sì kán sí i. Bàbá fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n di fìlà mú. Wọn kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

"Ìwọ ọmọ yìí," wọ́n ní, "mo dé ọ̀dọ̀ rẹ, o sá pamọ́. Nígbà tó o máa yọ, orí mi lo yọ sí. Oúnjẹ ò tíì wọ́n mi tó báyẹn." Wọ́n yí padà, àwọn àgbà tó kù sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dọ̀ oníwáínà ni gbogbo wọn gbà lọ. Mo rí i láti orí òkè mi bó ṣe dìde díẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, tó kúnlẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo fún Bàbá, tí Bàbá sì ń ṣàdúrà fún un.

Wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Èmi ni mo kọ́ pẹpẹ tí ọwọ́ àgbàlagbà kò tó. Mo gbìyànjú o. Nígbà tí àwọn ìyá arúgbó méjì dé, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo fò sílẹ̀, mo sáré yí mọ́tò po, mo kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, mo gbé oúnjẹ fún wọn. Wọ́n súre fún mi dáadáa. Kí n tó padà gòkè, dùǹdú tó wà nínú òróró ti di èédú. Bí mo bá kúnlẹ̀ sínú mọ́tò, wọn kò rí mi. Bí mo bá dúró, mo dúró lé wọn lórí. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, iṣu á jóná. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ṣáájú ìrọ̀lẹ́, àgbà tó jẹun lọ́dọ̀ mi kò tó nǹkan, oúnjẹ sì kún inú mọ́tò.

Hájíà wá bá mi nígbà tí mò ń palẹ̀ mọ́. "Sannu da aiki," wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n wo dùǹdú tó ṣẹ́ kù. "Àwọn bàbá kò jẹun lọ́dọ̀ rẹ."

Inú ń bí mi. Kì í ṣe ara mi ni mo bínú sí nígbà náà, Bàbá ni, àti fìlà wọn. "Ẹ ní kí n ṣe báwo, Hájíà? Ṣé kí n gé ẹsẹ̀ mọ́tò ni?"

"To, ke kika sani," Hájíà fèsì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo mọ̀, ni wọ́n ń sọ. "Ọ̀la, kí oòrùn tó wọ̀, a ó sọ ẹni tó ni abẹ́ igi."

Nílé, mo ṣépè fún wẹ́dà, mo ṣépè fún ẹni tó ṣe mọ́tò búrẹ́dì, mo sọ pé àgbà Minna kò mọ ohun tó dára. Màmá mi tó wá bá wa ṣe àlejò jókòó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Bàbá yẹn kò bínú sí iṣu rẹ," Màmá wí. "Ẹni tó dúró lé ọ lórí tó ń na oúnjẹ sí ọ, sàráà ló ń ṣe fún ọ. Ọkùnrin tó fi owó ara rẹ̀ ra oúnjẹ kò fẹ́ kó dà bí ẹni tó ń tọrọ."

Mo ní kí kápẹ́ńtà kan àkàsọ̀ fún mi, kí àwọn àgbà máa gùn ún. Màmá wò mí. "Kí arúgbó gun àkàsọ̀ nítorí iṣu?" Ọkọ mi wọlé, ó bọ́ bàtà, ó kí Màmá. Ó ní oníbúrẹ́dì tún pe òun lónìí. Kò fi ṣe ẹlẹ́yà, kò sì fi halẹ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Mo fẹ́ràn mọ́tò yẹn. Ohun kan ṣoṣo ni nínú ayé mi tí n kò jogún, tí ẹnikẹ́ni kò fi ta mí lọ́rẹ, tí mo lálàá rẹ̀ tí mo sì rí i lójú ayé, wọ́n sì ti fẹ́ wá fi kó búrẹ́dì.

Láàárọ̀ Sátidé, a tètè dé pápá. Kò jìnnà sí pèpéle ni kòtò fífẹ̀ kan wà, níbi tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ti ń kó yẹ̀pẹ̀ nígbà kan. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri, òdìkejì rẹ̀ rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò jìn ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Kò sí oníṣòwò tó fẹ́ ibẹ̀, àwa náà kàn ń da omi ìdọ̀tí síbẹ̀ ni. Mo gbé bàfù omi tí mo fi fọ iṣu lọ síbẹ̀, mo ṣì ń kùn, n kò wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, èmi àti bàfù wọ inú kòtò.

Ọkọ mi sáré dé etí kòtò. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo gbójú sókè wò ó, n kò sì fún un lọ́wọ́.

"Ṣé o fara pa ni?"

"Ẹ dúró síbẹ̀," mo ní. "Ẹ má mira." Ọkùnrin tí mo ga jù níka kan, tí mo ti ń wò ní ọ̀ọ́kán láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, òun ló dúró yìí bí Báálẹ̀, tí mo ń wò lókè bí ìyàwó tuntun. Mo nàró o. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì nà gbọọrọ, n kò tẹ orúnkún rárá, síbẹ̀ ẹni tó bá rí wa á sọ pé mo kúnlẹ̀ fún ọkọ mi. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí nínú kòtò.

"Dádì, ẹ lọ gbé mọ́tò wá."

"Wá síbo?"

"Síbí. Nínú kòtò."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wá ibi tí mo ti forí gbá. "Mọ́tò tí a fẹ́ tà lo fẹ́ sin yìí?"

"A kò tíì tà á."

"Báwo la ó ṣe gbé e jáde?"

"Ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbé e jáde la ó mọ̀," mo dáhùn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọkọ mi mi orí, ó mi orí, ṣùgbọ́n ó lọ mú kọ́kọ́rọ́. Mo máa ń yìn ín nítorí ọjọ́ yẹn. Ọkọ ẹlòmíràn ì bá kọ́kọ́ pe ẹbí jọ.

Ó gbé mọ́tò gba ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọlé. Ìkòkò yọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, alùbọ́sà tú ká, èmi ń kígbe pé kó rọra, òun náà ń kígbe pé òun ń rọra. Ó fi ẹ̀gbẹ́ tí fèrèsé wà ti ibi tó dúró ṣánṣán, ó sì pa á. Mo gòkè sínú mọ́tò, mo ṣí fèrèsé. Pẹpẹ mi wà ní ìsàlẹ̀ ìbàdí ẹni tó bá dúró létí kòtò. Ojú mi sì wà níbi àyà rẹ̀. Ní gbogbo ayé mi, n kò tíì rí ibi tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè dúró sí.

Àwọn tó ń tò àga bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan béèrè bóyá bíréèkì ló já. Mo tan gáàsì, mo gbé òróró ka iná, mo bọ iṣu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán ṣe ń pọ́n, àyà mi ń já. Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, mo ti pàdánù mọ́tò, mo sì ti tún gbé e sínú kòtò de ẹni tí yóò rà á.

Onígòjé bẹ̀rẹ̀ sí í ta gòjé rẹ̀. Àwọn àgbà dé. Mo rí Bàbá láàárín wọn, fìlà mìíràn ni wọ́n dé lónìí. Ọ̀dọ̀ oníwáínà ni wọ́n kọjú sí, kí òórùn dùǹdú tó mú kí wọ́n yà wo ibi tí ó ti ń wá. Wọ́n rí òrùlé mọ́tò tó yọ jáde nínú ilẹ̀. Wọ́n dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra rìn wá títí wọ́n fi dé etí kòtò, wọ́n sì wolẹ̀.

Mo gbójú sókè wo Bàbá. "Ẹ káàsán sà. Ẹ kú ìrìn sà."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè rí mi dáadáa. "Ṣé ìwọ lo wà lókè lánàá?"

"Èmi ni sà."

"Kí lo wá ń ṣe nísàlẹ̀?"

"Mo sọ̀ kalẹ̀ wá kí yín ni, sà."

"Pẹ̀lú mọ́tò?"

"Pẹ̀lú mọ́tò, sà."

Bàbá wo táyà, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n tún wo èmi tí mo di àwo mú ní ọwọ́ méjèèjì. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn èjìká wọn. Mo rò pé ikọ́ ni. Ẹ̀rín ni. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ gíláàsì ojú wọn, tí wọ́n ń nu ojú. Wọ́n yí sí àwọn ojúgbà wọn, wọ́n ní, "Ẹ wá wo ọmọ tó mú mọ́tò kúnlẹ̀."

Àwọn àgbà wá. Yorùbá wá, Núpé wá, Hausa wá, Gbagyi wá. Wọ́n kọ́kọ́ wá wòran, ṣùgbọ́n ta ló lè dúró síwájú dùǹdú gbígbóná kó má jẹ ẹ́? Bàbá gba àwo wọn, wọ́n jẹ ẹyọ kan, imú wọn ṣomi, wọ́n ní ata náà kò bẹ̀rù àgbà. Wọ́n tún béèrè òmíràn. Èmi ń gbé oúnjẹ sókè, àdúrà ń rọ̀ sílẹ̀ lé mi lórí. Ọmọ rere ni ọ́. O ò ní ṣòfò. Allah ya yi albarka. Mo ń ṣe àmín ní èdè tí wọ́n bá fi súre. Bẹ́ẹ̀ ni iṣu mi kò jóná rárá, torí pé ẹsẹ̀ mi kò kúrò nídìí òróró. Ọkọ mi tó fẹ́ lọ jókòó sábẹ́ igi kò ráyè, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń bẹ iṣu. Màmá dé, wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó ń bẹ ẹ́ nípọn jù. Nígbà tó ṣe, oníwáínà fúnra rẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ súnmọ́ wa, ó ní àwọn àgbà ń fẹ́ jẹ méjèèjì papọ̀, kí la wá ń jìnnà síra wa fún? Mo fi ata ránṣẹ́ sí i.

Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin tẹ̀ lé onígòjé, bẹ́ẹ̀ n kò mọ orin náà. Mo ń láàgùn, apá ń ro mí, mo sì fẹ́ kí ọ̀sán yẹn má parí. Mo wo ilẹ̀ yíká, ẹsẹ̀ àwọn àgbà ló kún etí kòtò: bàtà aláwọ̀, sálúbàtà, ẹsẹ̀ ìyá arúgbó tó lé làálì. Ẹsẹ̀ náà pọ̀. Kò sì sí èyí tó ń lọ.

Oòrùn ti rọ̀ nígbà tí Hájíà wá. Àwọn náà jẹun, wọ́n ṣọpẹ́, wọ́n nu ọwọ́. "Kò sí àríyànjiyàn," Hájíà wí lójú gbogbo èèyàn. "Abẹ́ igi di tìrẹ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Gbé mọ́tò rẹ lọ síbẹ̀."

Mo kígbe. Ọkọ mi dì mọ́ mi, ó dì mọ́ Màmá, ó fò wọ iwájú mọ́tò, ó ṣíná sí i. Ẹ́ńjìnnì bú, táyà ń yí sójú kan, yẹ̀pẹ̀ ń fò. Mọ́tò kò sún. Ó tún ṣe é, ó tún rì sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń dé fún orin ìrọ̀lẹ́ ká ṣòkòtò sókè, wọ́n bọ́ sínú kòtò láti tì í.

"Ẹ dúró, ẹ dúró." Bàbá ni. Wọ́n ti dìde lórí àga wọn, wọ́n ti wá sí etí kòtò. "Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Abẹ́ igi ni, Bàbá," Hájíà dáhùn ní Hausa. "A ti fún un."

"Lórí ilẹ̀ títẹ́jú? Kó tún lọ dúró lé wa lórí?" Bàbá fi ọ̀pá wọn tọ́ka sí àwọn àgbà tó kù. "Hájíà, ẹ jọ̀ọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ire ni. Ẹ kó àga wa lọ sábẹ́ igi tí ẹ bá fẹ́ kó nǹkan. Ọmọ yìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa níbi tó wà."

Àwọn àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni. Hájíà wo igi, wọ́n wo kòtò, wọ́n tún wo gbogbo àwọn bàbá àti ìyá tó dúró yí i ká. "Haba," wọ́n ní, ẹ̀rín sì gbà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n pàṣẹ kí wọ́n gbé kánópì kan wá bo kòtò kí oòrùn má pa mí, kí wọ́n sì to àga àwọn àgbà láti abẹ́ igi dé etí rẹ̀. Àti igi, àti kòtò, wọ́n ní tèmi ni.

Ariwo sọ. Ọkọ mi ṣì wà nídìí sítíárì, ó ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti inú gíláàsì. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí wá síbi fèrèsé, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé pẹpẹ níwájú mi.

"Jọ̀ọ́, bá mi pe oníbúrẹ́dì," ó ní. "Sọ fún un pé a kò lè ta mọ́tò tí àwọn àgbà kò jẹ́ kó jáde."